Ọjà Orí Fóònù àti Àṣà Ọjà Wa: Ta Ni A Ó Dì Mú?

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ṣètò àpéjọ òní ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọjà orí ayélujára àti àṣà, mo rò pé wọ́n ṣi ilé yà ni. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni mí. Nílé tiwa, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ ló ń rajà lórí fóònù. Èmi ni mo ń sanwó.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó lọ, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Ní 1984, lẹ́yìn tí mo parí ètò àgùnbánirọ̀, mo wọ iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ nígbà tí a ṣì ń pè é ní P&T, kí ìjọba tó pín in sí NIPOST àti NITEL ní 1985. Mo pẹ́ nídìí káńtà tí wọ́n ti ń gba ẹrù. Ẹni tó bá ti jókòó níbẹ̀ rí yóò mọ̀ pé ẹni tó gbé páálí wá ti di ọkàn tirẹ̀ náà mọ́ inú rẹ̀. Kò ní sùn dáadáa títí yóò fi gbọ́ pé ó dé. Yóò bi ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé, “Ọ̀gá, ṣé yóò dé?” Kì í ṣe pé ó fẹ́ mọ bí ọkọ̀ ṣe ń rìn. Ó fẹ́ mọ ẹni tí òun yóò wá bá bí kò bá dé.

Ìbéèrè náà ni mo gbé wá síwájú yín lónìí: bí ọjà bá bàjẹ́, ta ni a ó dì mú? Èrò mi ni pé àṣà ọjà wa ti dáhùn ìbéèrè yìí láti ọjọ́ pípẹ́, àti pé ibi tí ọjà orí fóònù ti dáhùn rẹ̀ ló ti ń gbèrú. Ibi tí kò ti dáhùn rẹ̀ ni ẹkún ti ń wá.

ỌJÀ TÍ KÒ NÍ OLÙTÀ

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí a bá ń ti oko bọ̀, a máa ń rí igi ìdáná, iṣu tàbí ọsàn tí wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà láìsí ẹnikẹ́ni nítòsí. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń kó síwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan. Iye òkúta ni iye owó. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò gbé ọjà, yóò fi owó sílẹ̀, yóò sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, olóko yóò wá kó owó rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ mi bá ń sọ fún mi pé ayé ti dé ibi tí olùtà àti olùrà kò nílò láti fojú kan ara wọn mọ́, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Àwọn bàbá wa ti ń tà á bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà.

Ẹ má sì jẹ́ kí á tan ara wa jẹ pé ìwà rere nìkan ló ń ṣọ́ ọjà yẹn. Ààlè wà níbẹ̀. Wọ́n lè so àkísà mọ́ ọn, wọ́n lè gbé bàtà gbígbó lé e, ohun tí ojú yóò tètè rí. Ààlè ń sọ fún ẹni tó bá ní in lọ́kàn láti jí i pé ọjà yìí ní olówó, ojú wà lára rẹ, bí o bá sì gbé e láìsanwó, ìwọ náà yóò di bí àkísà yìí. Yàtọ̀ sí ààlè, ọ̀nà oko kan náà la jọ ń tọ̀. Bí owó bá dín, wọn yóò béèrè ẹni tó kọjá ní ọ̀sán, kò sì ní ju ènìyàn mẹ́ta lọ. A kò rí olùtà lójú, ṣùgbọ́n a mọ ilé rẹ̀, òun náà sì mọ tiwa.

Nínú ọjà gan-an, ohun tó so wá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tà ń pe ẹni tó ń rà ní oníbàárà, ẹni tó ń rà náà ń pe olùtà bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín ní Onitsha, “kọ́sítọ́mà” ni àwọn méjèèjì ń pe ara wọn. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, nítorí ìwé tí mo kà ní yunifásítì sọ pé ẹni tó ń rà nìkan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àṣé ọjà mọ̀ ọ́n ju ìwé lọ.

Ẹ wo dúnàádúrà náà. Àwọn kan máa ń sọ pé ìfàkókò-ṣòfò ni. Ẹni tó bá ti bá obìnrin kan nájà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti mọ̀ bóyá ó ní sùúrù, bóyá ó mọ ọjà rẹ̀, bóyá yóò gbà bí a bá dá a padà lọ́la. Obìnrin náà ti mọ̀ bóyá owó wà lápò ẹni náà tàbí ó kàn ń rìn gbẹ̀fẹ́. Wọ́n ń ná owó, wọ́n sì ń ná ara wọn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni èènì, tí àwọn ará ibí ń pè ní jara. Ẹ jọ̀wọ́, èènì kì í ṣe ẹ̀dínwó. Kí a tó sanwó ni olùtà ń ṣe ẹ̀dínwó, kí á má baà lọ sí ìsọ̀ kejì. Lẹ́yìn tí owó ti bọ́ sápò rẹ̀ ni ó ń bu èènì, nígbà tí kò sí ohun tó tún ń wá lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mìíràn ló ń bá sọ̀rọ̀.

Bí ìjà bá sì wá ṣẹlẹ̀, a kì í wá ẹni tí a ó lọ bá tì. Ìyálọ́jà wà. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta irú ọjà kan náà wà. Ní Ẹ̀gbá àti ní àwọn ìlú mìíràn, àwọn Pàràkòyí ló ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò, títí kan àwọn oníṣòwò tó ti ìlú òmíràn wá. Ẹni tó bá ta ayédèrú ọjà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bínú sí i, nítorí gbogbo wọn ló bà lórúkọ jẹ́.

BÍ ÒKÈÈRÈ ṢE DI ỌJÀ

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ìlú tí a wà yìí ti mọ ọjà òkèèrè tipẹ́. Ní 1857, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Dayspring gba odò Ọya gòkè wá sí Onitsha. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn ní apá ọ̀dọ̀ wa lọ́hùn-ún, wà nínú rẹ̀, òun àti John Christopher Taylor tí òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò. Wọ́n wá dá ìjọ CMS sílẹ̀. Ọkọ̀ náà jẹ́ ti Macgregor Laird, oníṣòwò. Bí wọ́n ṣe ń dá ìjọ sílẹ̀ ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ṣí ibùdó òwò. Ọkọ̀ kan náà ló gbé ìwàásù àti aṣọ títà wá. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ni Yorùbá ń wá ní Onitsha.

Nígbà tí mo wọ iṣẹ́, àwọn ọ̀gá wa tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì máa ń sọ nípa ìwé àwòrán ọjà tó máa ń ti ìlú òyìnbó wá láyé àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ tàbí akọ̀wé yóò yan bàtà nínú àwòrán, yóò ra postal order, yóò fi ránṣẹ́, yóò sì máa ka ọ̀sẹ̀. Bàtà náà lè dé kó fún un lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n òyìnbó yẹn ní àdírẹ́sì, ó sì máa ń dá lẹ́tà padà. Ọjà tí a fi àwòrán yàn, tí a fi owó ránṣẹ́ sí kó tó dé, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ní 2001 ni fóònù alágbèéká GSM wọ ọwọ́ ará ìlú ní Nàìjíríà. Ní 2012, Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, ọdún kan náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyèsí ni pé, nígbà tí wọ́n dé, wọn kò lè tajà bí wọ́n ṣe ń tà á ní Amẹ́ríkà, níbi tí ènìyàn ti ń fi káàdì báǹkì sanwó, tí yóò sì padà sùn. Àwọn ènìyàn wa kọ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní sanwó fún ohun tí àwọn kò tíì rí. Ni wọ́n bá ní kí oníbàárà má san nǹkan kan títí ọjà yóò fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ tó gun ọ̀kadà wá yóò dúró, bó bá wù ọ́, o sanwó. Àwọn tó mọ̀ nípa òwò sọ pé ìnáwó ńlá ni èyí fún ilé iṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ọjà ló ń padà. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọn ìbá fi wọlé. Àṣà ọjà wa ló fi ipá mú kọ̀ǹpútà láti kúnlẹ̀ kí ìyàwó ilé.

Ìyókù ìtàn àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí kò pọ̀ lẹ́nu mi. Zinox ra Konga ní 2018. Jumia wọ ọjà ìpín-ìdókòwò ní New York ní oṣù Kẹrin 2019. Ó pa ẹ̀ka oúnjẹ rẹ̀ tì ní ìparí 2023. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo inú ilé wa níhìn-ín, ọjà tí à ń rà lọ́wọ́ wọn kò tó ìdajì ohun tí à ń rà lórí WhatsApp, Facebook, Instagram àti TikTok, lọ́wọ́ ènìyàn bíi tiwa tó ya àwòrán ọjà rẹ̀ tó sì gbé e síta.

Ẹ lọ dúró ní Upper Iweka ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọjà orí ayélujára tòótọ́. Wọ́n ń pè é ní waybill. Ọmọkùnrin kan yóò gbé páálí dé gáréèjì. Wọ́n ti fi máákà kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí yóò gbà á sí i lára. Akọ̀wé gáréèjì yóò kọ ọ́ sínú ìwé, yóò gba owó, ọmọkùnrin náà yóò gba nọ́ńbà dírẹ́bà àti nọ́ńbà ọkọ̀, yóò fi ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ọkọ̀ yóò kọjá lórí afárá, ti 1965 tàbí èkejì tí wọ́n ṣí ní 2023. Kó tó di ọjọ́ kejì, ẹnìkan yóò ti dúró sí gáréèjì ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo tí yóò máa béèrè páálí rẹ̀.

Níhìn-ín ní Nkpor, nídìí ẹ̀yà ara ọkọ̀, ó ti di ohun ojoojúmọ́. Mẹkáníìkì kan yóò tú ẹ́ńjìnnì ní Ìlọrin, yóò ya àwòrán ohun tó bàjẹ́, yóò fi ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ ní Nkpor. Ẹni yìí yóò wá irú rẹ̀ kàn, yóò ya àwòrán tirẹ̀ padà, kí wọ́n lè fi nọ́ńbà ara irin wé ara wọn. Wọn yóò nájà lórí fóònù pẹ̀lú ohùn, wọn yóò bú ara wọn díẹ̀, wọn yóò rẹ́rìn-ín, owó yóò wọlé láti báǹkì, irin yóò wọ ọkọ̀. Àwọn méjèèjì kò pe èyí ní ọjà orí ayélujára. Wọ́n ní àwọn ń “ṣe waybill” ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kù tí wọn kò ṣe?

Kì í ṣe ìrọ̀rùn nìkan ló mú un gbòòrò níhìn-ín. Láti oṣù Kẹjọ 2021 ni ìkéde jókòó-sílé ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbò, fún ọdún mélòó kan sì ni ìsọ̀ fi ń wà ní títì pa ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ tí àwọn baba wa sọ ní orúkọ ajé gan-an ni ọjọ́ tí ajé kò lè jáde! Àwọn tó jókòó sílé yẹn ń ta ọjà lórí fóònù, wọ́n ń kó àṣẹ oníbàárà jọ, wọn yóò sì gbé ẹrù lọ sí gáréèjì láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́n owó náírà ti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí àwọn ìyá tó ń ta tòmátì pàápàá ní láti kọ́ bí a ṣe ń gba owó nípasẹ̀ báǹkì. Ìgbà yẹn náà ni ọ̀rọ̀ “fake alert” wá di ohun tí gbogbo wa mọ̀. Olùrà ń bẹ̀rù olùtà, olùtà ń bẹ̀rù olùrà.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ILÉ MI

Mo bẹ̀rù díẹ̀ láti sọ èyí, nítorí àwọn tó kàn jókòó síhìn-ín. Ní 2022, ọmọ mi obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó. Ìyàwó mi àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa fẹnu kò sí aṣọ òkè fún gèlè, ogójì. Olùtà kan wà lórí fóònù tó ní Èkó ni òun wà. Àwòrán àlàárì tó gbé síta pupa, ó dùn ún wò, owó rẹ̀ sì rọjú. Ìyàwó mi gba owó lọ́wọ́ àwọn obìnrin, ó sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹrù dé lóòótọ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Kí wọ́n tó tú u tán ni ọkàn mi ti ń sọ fún mi. Aṣọ òkè tí a fi ọwọ́ hun kì í fẹ̀ ju bí ìnṣì mẹ́rin lọ lórí òfì; a ó wá rán an pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó mọ aṣọ yóò yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, yóò fi ìka tọ ojú ìránpọ̀. Èyí tó dé kò ní ojú ìránpọ̀ kankan. Wọ́n kàn fi ẹ̀rọ tẹ ìlà sí i lójú. Ó ń dán bí ọ̀rá. Omi kán sí ọ̀kan, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣí. Àwòrán kò ní ẹ̀yìn tí a lè yí wò, ẹ̀yin ènìyàn mi.

A pe nọ́ńbà náà. Kò lọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Èkó lọ wo àdírẹ́sì tó kọ síbẹ̀, ilé epo ló bá. Àwòrán tí a rí kì í tún ṣe tirẹ̀. Ojú ìwé ẹlòmíràn ló ti jí i kó. Ìyàwó mi kò jẹun fún ọjọ́ méjì. Kì í ṣe owó nìkan. Ó ní, “Baba Fọ́lákẹ́, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn tó kówó lé mi lọ́wọ́?” Mo mú nínú owó ìfẹ̀yìntì mi, a dá a padà fún oníkálùkù. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀ láti gbà á nígbà yẹn, tí ẹ ní ká jọ ru ẹrù náà ni, mo tún dúpẹ́ lónìí.

Mo mọ̀ pé òfin wà. Ní 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó gbé FCCPC kalẹ̀. Òfin náà sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ bá bí olùtà ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ mu, oníbàárà sì ní ẹ̀tọ́ láti dá èyí tí kò bá a mu padà. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì lò ó, pàápàá bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ní orúkọ àti ọ́fíìsì lẹ bá nájà. Ṣùgbọ́n òfin náà ní láti rí ẹni tí yóò fi ìwé lé lọ́wọ́. Ta ni yóò fi ìwé lé ilé epo lọ́wọ́?

ÈYÍ TÍ FÓÒNÙ FI SÀN JÙ

Ó yẹ kí n ṣe òdodo. Àwọn kan lára wa máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọjà àtijọ́ kò ní àbùkù. Nígbà tí ìyàwó mi kọ́kọ́ dé ibí ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, kò gbọ́ Ìgbò. Bó bá dé ọjà Ose, tó bá ti la ẹnu, owó ẹja ti gòkè. Kì í ṣe ìwà Ìgbò nìkan o. Ẹ mú ọmọ Ìgbò tí kò gbọ́ Yorùbá lọ sí Bódìjà, ẹ ó rí i. Dúnàádúrà dùn fún ẹni tó mọ ọjà. Àjèjì, ọmọdé àti ẹni tí ojú ń tì ni ó ń rẹ́ jẹ. Ọjà orí fóònù tó kọ iye sára ọjà kò mọ àjèjì. Iye kan náà ló ń sọ fún èmi àti fún ẹni tí wọ́n bí sí Odume. Fún wa tí a ń gbé ìlú onílùú, nǹkan kékeré kọ́ ni èyí.

Ṣùgbọ́n ìyàwó mi náà ló máa ń sọ pé òun kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan láti kọ́ Ìgbò. Ọjà Ose ló kọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí “Ego ole?”, ó kọ́ bí a ṣe ń kọ iye, ó kọ́ bí a ṣe ń ṣe ẹ̀fẹ̀, títí ó fi di ọ̀rẹ́ obìnrin kan tó ń ta edé. Obìnrin yẹn ló wá ṣọ́ àwọn ọmọ mi ní ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó mi wà ní ọsibítù. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí ń fi òǹkà orí fóònù rajà. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ kan, ìyẹn ni pé wọn kò sọ Ìgbò, wọn kò sì sọ Yorùbá pẹ̀lú. Wọ́n lè máa gbé ìlú yìí fún ogún ọdún láìní oníbàárà kan. Èyí ló ń dùn mí ju ọ̀rọ̀ gbájú-ẹ̀ lọ, n kò sì ní oògùn rẹ̀.

Ní ti ìbéèrè wa, mo rí oògùn díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa níbí. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tó ń ta èlùbọ́ àti irú tó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́. Lórí WhatsApp ló ti ń tà á, dé Asaba, dé Nnewi, dé Owerri. Ní ọdún tó kọjá, ọkọ̀ tó gbé ẹrù rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà, ẹrù pẹ́. Oníbàárà kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ kiri pé oníjìbìtì ni. Ọmọ náà sunkún tọ Alága wa lọ. Alága gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó pe oníbàárà náà, ó sọ orúkọ ara rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀, ó ní, “Ọmọ wa ni. Mo mọ ilé rẹ̀. Bí ẹrù kò bá dé lọ́jọ́ Ẹtì, èmi ni kí o béèrè owó lọ́wọ́ mi.” Ẹrù dé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Títí di òní ni oníbàárà yẹn ń ra èlùbọ́.

Alága kò mọ̀ pé òun ń ṣe iṣẹ́ Pàràkòyí lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ṣe. Àwa àgbà máa ń rí ọ̀dọ́ tó tẹ orí ba sórí fóònù, kíá a ó ti pè é ní ọmọ Yahoo. Mélòó nínú wa ló ti béèrè ohun tó ń tà? Ìmọ̀ràn mi kò ju pé kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ya ìwé ńlá kan sọ́tọ̀, ìwé gidi tí a fi báírò kọ, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ń tajà lórí fóònù kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó ń tà sínú rẹ̀, kí àgbà kan sì dúró fún un. Kí ó máa sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé, bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà akọ̀wé ẹgbẹ́ nìyí. Ẹni tó bá ta ayédèrú, kí á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kí ìpàdé sì gbọ́. Mo ti lo ọdún márùn-dínlógójì nínú iṣẹ́ ìjọba. Mo mọ ohun tí ojú ìwé tí orúkọ ènìyàn wà nínú rẹ̀ lè ṣe.

Mo kù díẹ̀ kí n gbàgbé ìgbéyàwó náà. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méje, mo pe àbúrò bàbá mi ní Ìsẹ́yìn. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ahunṣọ kan wà tí bàbá ìyá mi ló kọ́ bàbá rẹ̀ níṣẹ́. N kò mọ ọkùnrin náà rí. Lórí fóònù la ti nájà. Àwòrán ló fi ránṣẹ́ sí mi, owó báǹkì ni mo fi ránṣẹ́ sí i, ìdajì ṣáájú. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ohun tí èyí fi yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ bí a bá wo ti fóònù nìkan. Ó pín iṣẹ́ náà fún àwọn tó wà lórí òfì ní agboolé wọn, ó ń ya àwòrán rẹ̀ sí mi ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó parí, ó gbé e lọ sí Ìbàdàn, wọ́n fi waybill gbé e wá sí Upper Iweka. Èmi fúnra mi ni mo lọ gbà á.

A tú u sílẹ̀ ní pálọ̀. Ogójì pé, ojú ìránpọ̀ sì wà níbi tó yẹ kó wà. Ní ìsàlẹ̀ báàgì, a rí aṣọ kan tí a ká lọ́tọ̀, ẹtù dúdú tó ní ìlà funfun tín-ín-rín, tó tó fìlà kan. A kò béèrè rẹ̀, kò sì sí nínú iye tí a san. Mo pe ọkùnrin náà pé ó ṣi aṣọ ẹlòmíràn kó mọ́ tiwa. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, èènì ni. Ẹ fi rán fìlà ọjọ́ ìgbéyàwó.”

Fìlà náà ló wà lórí mi yìí. Mo rí ọwọ́ tó ti wà lókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n mu omi ná.